Ẹni Tí Ó Kọ̀ Ní Pápá, Tí Ó Dákẹ́ Nínú Ìgbìmọ̀

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ìṣirò ni a máa ń ṣe. A ó ka iye ọmọ tí ó ti gba ẹnu ọ̀nà ọgbà jáde, a ó ka àwọn tí wọ́n di dókítà, àwọn tí wọ́n di agbẹjọ́rò, àwọn tí wọ́n di ọ̀gá ní báńkì, a ó sì dá ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó mú wa dé òní. Ìṣirò yìí kò burú. Àwa tí a kọ́ ìwé nínú ọgbà yìí, tí a sì tún fa àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ padà wá síbẹ̀, a ní ìpín nínú ayọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì fẹ́ kí ìlù àti ijó àjọ̀dún bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, òbí kan dìde, ó sì béèrè ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ wa kò fi ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú ìdánwò WAEC. Gbogbo wa ni a mọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ó ń wí. Ó ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń gba owó díẹ̀ lé owó ìdánwò, wọn a wá ẹni tí yóò kọ ìdáhùn sójú pátákó, èsì a sì dára. Ó ní tiwa nìkan ni ó ń ṣe bí ẹni pé a mọ Ọlọ́run ju àwọn tí ó kù lọ. Òbí mìíràn fi kún un pé kí a yọ wákàtí eré ìdárayá kúrò fún àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kẹ́yìn, kí a sì fi apá kan pápá ìṣeré kọ́ ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń dé Mọ́níyà, ilẹ̀ àdúgbò yìí ti di wúrà. Ọ̀rọ̀ wọn kò bà wá nínú jẹ́ tó pàtẹ́wọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Lára àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni àwọn tí àwa pẹ̀lú wọn jọ ń gbàdúrà òwúrọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà nígbà èwe wa.

A kò fẹ́ fi ìbínú dáhùn. Ìtàn ayé ọkùnrin kan ni a fẹ́ sọ. Òyìnbó ni, ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ owó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di akápò ẹgbẹ́ ńlá kan. Ohun rere tí ó ṣe ní èwe rẹ̀ kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí kò ṣe nígbà tí ó dàgbà tán tún kan wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré kíríkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ Èkó ti gba àwọn ará Gold Coast lálejò, tí wọ́n sì jọ figagbága. Níhìn-ín n'Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n jáde ní Government College tí ó wà ní Apátá kì í sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n má dárúkọ eré yìí. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni a ṣe ń ṣe é: ẹnì kan a sáré wá ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a di bátì mú, a sì dúró níwájú igi mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń jù ń wá ọ̀nà láti fi bọ́ọ̀lù ba igi náà, kí ó lè lé ẹnì kejì jáde. Ẹni tí ó di bátì mú ń dáàbò bo igi, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà kí ó lè rí àyè sáré kó ayò jọ. Awọ ni a fi bo bọ́ọ̀lù náà, ó sì le bí òkúta. Ní ayé ìgbà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ń dé akoto irin sórí.

George Oswald Browning Allen ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Gubby ni gbogbo ayé ń pè é. Ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni a ti bí i ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ, ọdún 1902. Ó ṣì wà ní ọmọdé nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Eton, ó wọ Yunifásítì Cambridge, ó sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì náà ní 1922 àti 1923. Ajubọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni, ó sì tún mọ bátì í lò.

Láyé ìgbà náà, oríṣi ènìyàn méjì ni ó máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó, tí ó jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe jẹun. Àwọn kejì kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tàbí ogún tiwọn, ìfẹ́ eré nìkan ni ó mú wọn wá. Lára àwọn tí kì í gba owó ni Allen wà. Ó ní láti ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Ní ọdún 1929, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Middlesex, ń pàdé Lancashire ní pápá Lord's, ibi iṣẹ́ ni ó ti ń bọ̀, eré sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé. Síbẹ̀, òun nìkan ni ó lé ènìyàn mẹ́wàá jáde nínú ẹgbẹ́ kejì, ayò 40 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá Debenhams, ó di alágbàtà ṣíà ní àárín gbùngbùn ọjà owó Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn àwọn tí ń bá ènìyàn ra ìpín nínú iléeṣẹ́, tí wọ́n sì ń bá wọn tà á. Iṣẹ́ tí ó dá lórí ìfọkàntán ni. Ẹni tí ó bá gbé owó ilé rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ pé o kò ní ṣe ohun tí kò tọ́ bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń wò ọ́.

Ní ìparí ọdún 1932, Allen bá ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ọsirélíà, ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Balógun ẹgbẹ́ náà ni Douglas Jardine, òun náà ọmọ yunifásítì, Oxford ni ó ti jáde. Ìṣòro kan ṣoṣo ni Jardine ní: ọ̀dọ́mọkùnrin Ọsirélíà kan tí ń jẹ́ Don Bradman. Ní 1930, nínú ìdíje márùn-ún péré, Bradman kó ayò 974 jọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe lè dá a dúró. Jardine wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ayé padà sọ ní Bodyline. Ó ní kí àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ má ṣe wo igi mọ́. Kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù na ilẹ̀ lọ́nà tí yóò fi ta sókè bá àyà àti orí ẹni tí ó di bátì mú. Bí ẹni náà bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là, bọ́ọ̀lù a ta lára bátì, a sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti tò yí i ká. Kò sí ìlà kan nínú òfin eré tí ó kà á léèwọ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí àwọn òbí dúró lé lórí díẹ̀: òfin kò kà á léèwọ̀. Ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan lónìí kò jìnnà sí i. Wọ́n á ní, gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é, kò sẹ́ni tí a mú rí, ọgbọ́n ni, kì í ṣe olè. Jardine kò ka ara rẹ̀ sí olè pẹ̀lú. Ó kà á sí pé òun ń ṣiṣẹ́ tí ilẹ̀ òun rán òun.

Nígbà tí ó sọ fún Allen pé kí ó ju bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, Allen kọ̀. Ó ní òun kò ju bọ́ọ̀lù báyẹn rí, òun kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Bí balógun bá rí i pé òun kò wúlò, kí ó yọ òun. Ìdíje tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí ìròyìn rẹ̀ nìyẹn, ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sì ni ó fi dọ́wọ́. Jardine kò yọ ọ́. Bí àkọsílẹ̀ ti wí, Allen fi ọ̀nà àtijọ́ lé ènìyàn 21 jáde nínú ìdíje náà, láìfi bọ́ọ̀lù wá ara ẹnikẹ́ni.

Ní ìlú Adelaide, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1933, bọ́ọ̀lù tí Harold Larwood jù bá balógun Ọsirélíà, Bill Woodfull, ní àyà lókè ọkàn. Ọkùnrin náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nígbà tí ó tún nàró, Jardine pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tò yí i ká bíi ti Bodyline. Inú àwọn òǹwòran ru débi pé a bẹ̀rù pé wọ́n lè ya wọ pápá. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti eré. Ó di ọ̀rọ̀ láàrin orílẹ̀-èdè méjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí nínú mẹ́rin, wọ́n pàdánù ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dárúkọ ìṣẹ́gun náà lónìí, ìtìjú ni ó fi ń dárúkọ rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn aláṣẹ eré fúnra wọn fi òfin de irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ Larwood sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ awakùsà ni, òun náà sì ti wọ inú kòtò èédú kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù. Eré ni ó ń ṣe jẹun. Ta ni yóò sọ pé kí ó kọ̀ sí balógun rẹ̀ lẹ́nu? Ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, ó sì ṣe é dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà dìdàkudà, a ní kí òun tọrọ àforíjì, ó kọ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ títí ayé rẹ̀. Allen lè sọ pé òun kò ṣe nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Jardine. Èyí kò dín iyì ohun tí ó ṣe kù, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ̀ hàn wá. Ìwà rere kò ṣòro fún ẹni tí ó yó bí ó ti ṣòro fún ẹni tí ebi ń pa. Nítorí náà, nígbà tí òbí tí ó ní ọkọ̀ méjì níwájú ilé bá ń wá ẹni tí yóò kọ ìdánwò fún ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọmọ ẹni tí ń ta ẹ̀gẹ́ ní ọjà Mọ́níyà ń fi àtùpà kàwé, a kò mọ ohun tí ó lè fi ṣe àwáwí.

Ìtàn ì bá dùn bí ó bá parí síbẹ̀, àwa ì bá sì fi Allen ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wa kí a máa bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ayé ènìyàn kì í parí sí ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Allen di balógun ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún kó wọn lọ sí Ọsirélíà ní 1936. Wọ́n borí nínú méjì àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ padà sáàrin àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọwọ́ rẹ̀ ń ròkè nínú MCC, ẹgbẹ́ tí ó ni pápá Lord's tí ó sì ń darí eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní 1963 sí 1964. Ní 1964 ó di akápò wọn, ó sì wà nípò náà títí di 1976. Ẹni tí ó mọ owó ni wọ́n ń wá, òun ni wọ́n sì rí. Kò pẹ́ tí kò fi sí ọ̀rọ̀ kan ní Lord's tí a lè parí láìsí ohùn akápò níbẹ̀.

Ní 1968, ó yẹ kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ni Basil D'Oliveira wà. Ìlú Cape Town ni a ti bí i, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀. Ó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 láti wá oúnjẹ òòjọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é títí a fi yàn án sínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1968, ọlọ́lá kan, Lord Cobham, bá olórí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, John Vorster, sọ̀rọ̀, ó sì kọ lẹ́tà sílé pé bí D'Oliveira bá wà nínú ẹgbẹ́, Vorster kò ní gbà wọ́n sí ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ akọ̀wé MCC, ó dé ọwọ́ ààrẹ, ó sì dé ọwọ́ akápò, ìyẹn Allen. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa á mọ́. Wọn kò fi hàn fún ìgbìmọ̀ kíkún.

Ní oṣù Ògún ọdún náà, D'Oliveira kó ayò 158 jọ nínú ìdíje pẹ̀lú Ọsirélíà ní pápá Oval. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, a ka orúkọ àwọn tí yóò lọ sí Gúúsù Áfíríkà, a kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ariwo ta. Nígbà tí ẹlòmíràn fara pa tí a sì wá fi D'Oliveira rọ́pò rẹ̀, Vorster ní òun kò gbà, ìrìn-àjò náà sì fọ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pe ìpàdé láti bi àwọn olórí wọn léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni David Sheppard, àlùfáà Ọlọ́run, tí òun náà ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Cambridge bíi ti Allen, tí ó sì ti kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà figagbága ní 1960. Ìbò kò gbe Sheppard ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti 1970 títí di 1991, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó bá Gúúsù Áfíríkà ṣe ìdíje gidi mọ́ nínú eré yìí, ayé sì rí i pé àlùfáà náà ni ó tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa. Àwọn òbí wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìparí 1976 ṣì ń rántí pé a yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn láti fi ran àwọn tí ń jà fún òmìnira ní gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ ìdíje Olympics sílẹ̀ ní Montreal. Àwọn eléré wa tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà náà, gbogbo ilẹ̀ wa mọ ohun tí a ń pè ní kíkọ̀.

Kí ni ó dé bá Allen? Ọkùnrin tí ó sọ fún balógun rẹ̀ lójúkorojú pé òun kò ní ṣe, báwo ni ó ṣe di ẹni tí ó fi lẹ́tà pamọ́? Ó ṣeé ṣe kí ó ní ìdí tí ó dára lójú ara rẹ̀. Àwọn olórí MCC máa ń wí pé eré yàtọ̀ sí òṣèlú, pé àárín àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ní Gúúsù Áfíríkà kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Èrò tiwa ni pé ní 1932 ó ní ipò kan láti pàdánù, ó sì fi í sílẹ̀; ní 1968 ó ní gbogbo ilé láti pàdánù, kò sì lè fi í sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń ní ohun púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó lè dẹ́rù bà á ń pọ̀ sí i. Àwa onígbàgbọ́ mọ ìtàn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Peteru kan náà tí ó yọ idà nínú ọgbà níwájú ọmọ ogun ni ó ṣẹ́ Olúwa rẹ̀ nígbà tí ó ń yáná nínú àgbàlá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin kan. Ìgboyà àná kì í ṣe owó tí a fi pamọ́ sí báńkì tí a ó máa yọ ná títí ayé. Lójoojúmọ́ ni a ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ oòjọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní báńkì, ní iléeṣẹ́ ìdókòwò, ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò-owó, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá wí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2009, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ olórí báńkì márùn-ún lóòjọ́ nítorí owó yíyá tí ọ̀nà àtigbà á padà kò sí. Àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi owó ìgbà iṣẹ́ wọn ra ṣíà nítorí pé a sọ fún wọn pé kò léwu, ni ó jẹ gbèsè rẹ̀ jù. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níhìn-ín. Ohun tí a ń rò ni pé ìgbìmọ̀ olùdarí wà ní báńkì kọ̀ọ̀kan, oníṣirò wà, akọ̀wé wà, àwọn tí wọ́n mọ ìwé í kà sì pọ̀ níbẹ̀. Ó dájú pé ìwé kan kọjá lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó rí i pé kò dára, tí ó sì dákẹ́. Níbo ni ẹni náà ti kọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Ọmọ tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí olùkọ́ rẹ̀ ń kọ ìdáhùn sójú pátákó, tí òbí rẹ̀ ti san owó rẹ̀, ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó lágbára ju ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ti kọ́ pé bí àwọn àgbà bá ti fọwọ́ sí nǹkan, kò sí ohun tí ó kù láti béèrè.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbà kí wọ́n gé pápá ìṣeré kúrú. Ṣọ́ọ̀bù yóò mú owó wá lóòótọ́, ọgbà wa sì nílò owó. Ṣùgbọ́n ní pápá ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ pàdánù níṣojú ènìyàn tí kò sì kú. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ fèrè adájọ́, tí ó sì ń gbà bí kò tilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbẹ̀ ni ó ti lè sọ pé bọ́ọ̀lù náà bà mí lọ́wọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọmọ tí kò pàdánù rí, tí a ti ra gbogbo ìṣẹ́gun fún, kì yóò mọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ tí owó bàbá rẹ̀ kò bá tó rà á mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ọ̀nà tààrà kò ṣeé gbà borí ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn kò tó ọdún mọ́kàndínlógún pàdé New Zealand nínú ìdíje Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Malaysia. Òjò ti jẹ́ kí a gé eré náà kúrú. Ayò 65 ni tiwa, 63 ni ti New Zealand. Ayò méjì péré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ìdáhùn fún wọn sójú pátákó. Ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa ní ọjọ́ náà, Uyi Akpata, jẹ́ ẹni tí ó ti ṣe olórí PwC ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwé owó àwọn ẹlòmíràn wò. Pápá àti ìwé owó kò jìnnà síra bí a ti rò. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó bá ń pa ayò mọ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó rí.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí òbí tí ó dìde ní ìpàdé nìyí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí yín. Rárá ni. Bí èsì ọmọ wa bá kéré ní ọdún kan, a ó gbà á, a ó sì tún un kọ́. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán kọ̀. Bí a bá kọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó di dandan kí a ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí ó tọ́. Ẹni tí ó mọ ìṣirò lára wa, kí ó yọ ọ̀sán Sátidé kan sílẹ̀ lóṣù láti wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí Ọlọ́run fún lówó, kí ó san owó ìdánwò fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Ẹni tí ó wà ní ipò àtigbani síṣẹ́, kí ó máa dán ènìyàn wò lórí ohun tí ó mọ̀, kí ó má wo bébà nìkan. Bí ìwé èsì ayédèrú kò bá ráyè níbi iṣẹ́ wa, àwọn tí ń tà á yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní Lord's, ibùjókòó àwọn òǹwòran kan wà tí a fi orúkọ Allen pè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ fún eré náà títí ó fi kú ní 1989. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n di ńlá ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí àkọsílẹ̀ yóò sọ nípa àwa náà: ní ọjọ́ tí a ní kí a ju bọ́ọ̀lù sí ènìyàn, kí ni a ṣe? Ní ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ wa, ibo ni a fi í sí?

Kí Olúwa bùkún ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì fún wa ní ẹnu tí yóò lè sọ pé rárá, nígbà tí a kò ní nǹkan kan àti nígbà tí a bá ní ohun gbogbo.